Ògúnjìnmí, Awakọ̀ Tó Ní Egbé

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé kékeré yìí lé lọ́wọ́, má tíì jù ú nù. Mo mọ̀ pé o kò béèrè fún un. Ṣáà kà á tán ná. Lẹ́yìn náà, bí o bá fẹ́ fi di ẹ̀pà, fi di ẹ̀pà.

Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé ogun abẹ́lé, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan a máa balẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní pápá Ìdó-Ọ̀ṣun. Òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò kòkó àti òyìnbó tó fẹ́ wo iṣẹ́ ọnà Òṣogbo ló máa ń bá a wá. Òtẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín Alékúwodò ní Òṣogbo ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò dúró ti ẹrù wọn, wọn yóò sì máa wo ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀.

Bọ́lẹ̀kájà kan wà níbẹ̀ tó ń kó àwọn àgbẹ̀ àti gàrí wọn lọ sọ́jà. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò dé òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ lórí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Mọ́rísì àtijọ́ kan tún wà tí Ọdúntán ń wà. Onígbàgbọ́ ni Ọdúntán, kì í sì í sáré rárá. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbín ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà.

Lẹ́yìn náà ni Píjò funfun ti Ògúnjìnmí, ọmọ Iléṣà. Gbogbo ara ọkọ̀ náà ló ń dán. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ gàdàgbà pé TA LÓ TÓ BẸ́Ẹ̀? Kí n má parọ́, èmi náà ì bá wọ Píjò.

Kì í ṣe dídán ọkọ̀ nìkan ni Ògúnjìnmí fi ń fa èrò. Bí àlejò bá ń ṣiyèméjì, yóò ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, yóò sì lu ìgbàdí tó so mọ́ ìdí. Egbé ni oògùn inú ìgbàdí náà. Wọ́n ní bí ewu bá dé bá ẹni tó ní egbé, oògùn náà yóò gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́gán, yóò sì gbé e kalẹ̀ síbi tí kò séwu. Fákúnlé, oníṣègùn kan tó ń gbé abúlé lẹ́yìn Ìwàrà, ló ṣe é fún un.

"Èmi ò lè kú sínú ọkọ̀!" ni Ògúnjìnmí máa ń pariwo. "Ikú tó bá ń wá mi, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe!"

Ọ̀gá kan náà ló kọ́ òun àti Ọdúntán ní ọkọ̀ ní Iléṣà, nítorí náà Ọdúntán lè bi í ní ohun tí ẹlòmíràn kò lè bi í. Ó bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ògúnjìnmí, egbé yìí, èèyàn mélòó ló lè gbé?"

"Èmi tí mo ni ín ni yóò gbé."

"Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ńkọ́?"

Ògúnjìnmí rẹ́rìn-ín títí. "Kí kálukú lọ ṣe tiẹ̀! Ṣé èmi ni mo bí wọn ni?"

"O kò bí wọn," ni Ọdúntán wí, "ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni wọ́n fi ẹ̀mí wọn sí."

Ògúnjìnmí pòṣé, ó sì lọ nu ọkọ̀ rẹ̀.

Ó ní àbúrò kan ṣoṣo, Adétutù, tó tọ́ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Nọ́ọ̀sì ni Adétutù ní Kàdúná. Ní ìgbà òjò ọdún kan, ìjọba rán an wá sí ìpàdé àwọn nọ́ọ̀sì ní Òṣogbo, òtẹ́ẹ̀lì Alékúwodò yìí náà ni wọ́n sì fi í wọ̀ sí. Inú Ògúnjìnmí dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fọ Píjò náà lẹ́ẹ̀mejì nínú òjò.

Òjò náà kò dá nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀. Adétutù kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó kí Ọdúntán pẹ̀lú, ó sì wo ọ̀nà tí àgbàrá ń wọ́ kọjá. Ó mọ eré tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń sá.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú," ló wí. "Òjò yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n bá Bọ̀ọ̀dá Ọdúntán lọ, ká pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì."

Gbogbo àwọn awakọ̀ ló gbọ́. Ẹnì kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bo Ògúnjìnmí, ìtìjú náà sì yí padà di ìbínú. Ó já àpótí gbà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú búùtù Píjò.

"Kí ayé lè gbọ́ pé àbúrò mi sá fún ọkọ̀ mi? Wọlé! Níbi tí mo bá wà, kí ló tó láti ṣe ọ́?"

Adétutù kò lè bá ẹni tó tọ́ ọ dàgbà jiyàn níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn. Ọdúntán tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú Mọ́rísì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Píjò fi fi í sílẹ̀.

Afárá tóóró kan wà kí èèyàn tó dé Òfàtẹ̀dó. Ògúnjìnmí ń fi dígí wo ẹ̀yìn bóyá yóò rí Mọ́rísì, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé agbégilódò kan ti gun orí afárá láti òdì kejì. Nígbà tó gbójú sókè, igi ńláńlá ló rí níwájú rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì. Táyà yọ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀gbẹ́ lọ sí etí omi.

Fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, nítorí gbogbo ìlú ló sọ ọ́ bí kò ṣe rí. Ògúnjìnmí bẹ̀rẹ̀ sí pe ọ̀rọ̀ tí Fákúnlé kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti dé ara ilẹ̀kùn. Òun tó ń fi egbé halẹ̀ mọ́ ikú, òun gan-an kò dúró kí egbé gbé òun. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fò sílẹ̀. Píjò pẹ̀lú Adétutù sì já sínú odò.

Ọdúntán ló kọ́kọ́ dé. Kò bọ́ bàtà, kò bọ́ ẹ̀wù, ó bẹ́ sínú omi, ó fọ́ gíláàsì, ó sì wọ́ Adétutù jáde. Àwọn ará Òfàtẹ̀dó sáré dé. Wọ́n rí ọkọ̀ tó dorí kodò, wọ́n rí awakọ̀ rẹ̀ tó dúró létí ọ̀nà, tí nǹkan kan kò sì ha á lára.

"Egbé ti gbé e!" ni ẹnì kan ké.

Ògúnjìnmí kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Wọ́n gbé Adétutù lọ sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní Iléṣà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fọ́ yánkanyànkan, kò sì mọ ibi tó wà. Níbi tó ti ń jìjàkadì pẹ̀lú ikú, òkìkí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kàn káàkiri Òṣogbo. Bàbá Mọ́ṣúdù, olórí àwọn awakọ̀, fi í han àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì ṣèlérí pé òun ni yóò máa wa bọ́ọ̀sì tuntun tí òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ fi máa kó àlejò láti pápá ọkọ̀ òfuurufú, nítorí àlejò wo ni kò ní fẹ́ awakọ̀ tí ikú kò lè mú? Àgbàlá Fákúnlé sì kún fún àwọn awakọ̀ tó ń wá ra egbé.

Níkẹyìn Ògúnjìnmí lọ sí Iléṣà. Adétutù ti lajú.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yìn yín ni mo rí kẹ́yìn. Ẹ ò tiẹ̀ bojú wò mí."

Ògúnjìnmí yíjú sí ògiri.

"Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni," ni Adétutù wí. "Ẹ máa lọ sílé."

Ìbá sàn kó bú u. Ó jáde bí ẹni tí wọ́n lù, ó sì bá Ọdúntán lábẹ́ igi nínú ọgbà ilé ìwòsàn, tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún aláìsàn. Kàkà kó dúpẹ́, ariwo ló pa mọ́ ọn.

"Bó o bá fẹ́ bú mi, bú mi! Ta ni kò ní fò? Ta ni?"

"Mi ò bú ọ," ni Ọdúntán dáhùn. "Èmi náà ì bá fò, bó bá ṣe pé agbára tèmi nìkan ni. Ṣùgbọ́n Ẹnì kan wà tí kò fò. Wọ́n kàn Án mọ́ igi, wọ́n ń fi Í ṣẹ̀sín pé kó sọ̀ kalẹ̀ bó bá jẹ́ ọmọ Ọlọ́run lóòótọ́. Ó lágbára láti sọ̀ kalẹ̀, Ògúnjìnmí. Áńgẹ́lì wà lẹ́yìn Rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ̀ kalẹ̀, ara Rẹ̀ nìkan ni ì bá gbà là. Ó dúró síbẹ̀ nítorí ìwọ àti èmi tó wà lẹ́yìn ọkọ̀."

"Mi ò fẹ́ gbọ́!" ni Ògúnjìnmí wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Lóòótọ́ ni kò fẹ́ gbọ́. Kàkà kí ọkàn rẹ̀ rọ̀, líle ló ń le sí i. Ó mu ọtí, ọ̀rọ̀ Ọdúntán kò lọ lọ́kàn rẹ̀. Ó bá ọ̀rẹ́ ṣeré, kò lọ. Síbẹ̀ ó ránṣẹ́ sí máníjà pé òun ti ṣe tán láti gba bọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní Alékúwodò, gbogbo awakọ̀ pé jọ. Fákúnlé wá pẹ̀lú, agbádá lọ́rùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ kan, Mùyídéènì, ti kó èrò kún ọkọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó sọ̀ kalẹ̀ láti wá kí Ògúnjìnmí. Ó ká ẹ̀wù sókè, ó sì fi ìgbàdí tuntun hàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ní tèmi! Láti òní lọ, kò sí afárá tí mo máa tẹ bíréèkì fún mọ́!"

Ògúnjìnmí wo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ọmọkùnrin náà. Obìnrin kan jókòó níbẹ̀, ó ń fún ọmọ lọ́yàn. Ẹ̀rù bà á ju bó ṣe bà á lórí afárá lọ, nítorí ó rí i kedere pé irọ́ òun ni yóò pa ìyá àti ọmọ yìí.

"Egbé kò gbé mi!" ló ké. "Ẹ gbọ́ o! Ilẹ̀kùn ni mo ṣí! Mo fò sílẹ̀, mo sì fi ọmọ ìyá mi sílẹ̀ sínú omi!"

Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé ìgbàdí kúrò ní ìdí rẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀ níwájú Fákúnlé. Máníjà rọra fi kọ́kọ́rọ́ padà sápò. Fákúnlé na ìka sí Ògúnjìnmí.

"O ta oògùn mi nù? Oṣù yìí kò ní tán lójú rẹ!"

"O mọ ilé mi," ni Ògúnjìnmí dá a lóhùn. "Ìgbà tó bá wù ọ́ ni kó o wá. Ẹni tó dúró lórí igi nítorí mi kò ní fò sílẹ̀ lónìí!"

Àwọn kan ń hó lé e lórí, àwọn kan ń pè é ní wèrè. Bàbá Mọ́ṣúdù nìkan ni kò pariwo. Ó yíjú sí ọmọkùnrin náà, ó ní, "Mùyídéènì, bọ́ nǹkan yẹn kúrò lára. Wàláhì, o ò ní kó èrò kankan lọ pẹ̀lú rẹ̀." Mùyídéènì jánu, àmọ́ obìnrin ọlọ́mọ ti sọ̀ kalẹ̀ ní tiẹ̀, ó ti pọn ọmọ, ó sì ń wá Mọ́rísì Ọdúntán lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́rísì yẹn náà ni Ògúnjìnmí kúnlẹ̀ sí lójú gbogbo wọn. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. "Jésù, mo sá. Ìwọ kò sá. Gbà mí."

Ó lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ náà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n pátápátá, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn. Adétutù sunkún, ó ní kó dìde. Ó dárí jì í. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní, nítorí ìrònúpìwàdà kì í to egungun tó ti fọ́, n kò sì ní tàn ọ́ jẹ pé ó ń tò ó. Ní ti Ògúnjìnmí, ó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láìso nǹkan kan mọ́ ìdí. Àwọn kan ń retí òkú rẹ̀. Wọ́n ṣì ń retí.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o ń rẹ́rìn-ín sí Ògúnjìnmí, nítorí ìwọ kò so oògùn. Owó rẹ ńkọ́? Àwọn èèyàn ńlá tó o mọ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ rere tó o fi ń yangàn ńkọ́? Wọ́n ń wa ọkọ̀ rẹ lọ báyìí, ẹnu wọn dùn, ọkọ̀ wọn sì ń dán. Bínú sí mi bó o bá fẹ́, àmọ́ n ó sọ ọ́: ọwọ́ gbogbo wọn ti wà lára ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ ikú rẹ, ẹ̀yìn wọn ni wàá rí kẹ́yìn.

Jésù ti wà níbi tí gbogbo ayé ti ní kó sọ̀ kalẹ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Má sọ pé ó di ọ̀la. Awakọ̀ tó o wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní dúró de ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà. Bí àwọn èèyàn bá ń wò ọ́, jẹ́ kí wọ́n máa wò. Sọ fún Un pé o ti sá tó, kó gbà ọ́. Òun yóò gbà ọ́, lónìí yìí.