Ìpáàrà Ogójì Ọjọ́

Ọjọ́ tí Ìdírísì kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Kìfáyàtù, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, inú sì ń bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lórí fóònù rẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ Ilé Idà ni àwọn ènìyàn náà. Ìkànnì kan ni lórí ayélujára, níbi tí àwọn tó ń kó idà, ọ̀bẹ àti ìbọn àtijọ́ jọ ti máa ń pàdé. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn tó ni ín tún un ṣe. Wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n jẹ́ kí fọ́tò lè di ńlá débi pé èèyàn á rí ojú irin bí ẹni pé ó gbé e sún mọ́ imú. Wọ́n fi ibi ìdìbò sí i, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè sọ bóyá nǹkan jẹ́ ojúlówó tàbí ayédèrú. Wọ́n sì ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ máa fi ohùn ránṣẹ́.

Kò sí ẹni tó dúpẹ́. Bàbá arúgbó kan láti Tọ́kì kọ ọ́ pé òun kò rí àwọn idà òun mọ́. Ẹlòmíràn ní àwọ̀ tuntun náà dà bí ṣọ́ọ̀bù ìpara. "Ẹ dá ti àtijọ́ padà fún wa!" ni wọ́n ń kọ ṣáá. "Ṣé àwa tí a fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ la bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa ṣe tuntun?"

Ìdírísì ń rẹ́rìn-ín bó ti ń kà á. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Mutaz, ọ̀gá rẹ̀, ní Ṣarafíyà, ní ìlú Jídà, ló jókòó sí, níbi tó ti ń tún irin àtijọ́ ṣe. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, láti Ìsẹ́yìn. Úmírà ló bá wá ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kò sì padà. Kò ní ìkámà, ìwé tí àjèjì fi ń gbé ìlú náà, nítorí náà kì í kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn. Bí mọ́tò bá dúró lójijì níta, òun náà á dìde.

Obìnrin kan láti Mẹ́kà ti béèrè lórí ìkànnì bí èèyàn ṣe lè bọ́ ìpáàrà kúrò lára ọ̀bẹ láì ba lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i jẹ́. Ìdírísì ní kí òun dán ọ̀rọ̀ ohùn yìí wò. Ó ń fi èdè Lárúbáwá ṣàlàyé, ó sì ń fi ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ júwe, bí ẹni pé obìnrin náà ń wò ó. Ọ̀bẹ yọ̀.

"Yéè! Ìyá mi o! Ọ̀bẹ burúkú yìí!"

Kó tó mọ̀, ohùn náà ti lọ sórí ìkànnì, tòun ti igbe Yorùbá rẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbàgbé ìbínú wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń béèrè irú èdè tó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin ará Mẹ́kà náà wọlé ní Yorùbá, ohùn tó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ṣé ó gé yín jìn? Ẹ fi aṣọ dì í. Màámi ní kí ẹ má fi omi gbígbóná kàn án."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ìdírísì gbé fóònù sétí. Ó fi ohùn dáhùn: "Ọmọ Yorùbá ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mẹ́kà ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá inú ilé ni mo gbọ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín? Ẹ̀jẹ̀ gan-an ti dá."

Kìfáyàtù lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Jùbrílù, ti ń mú àwọn Mùsùlùmí arìnrìn-àjò káàkiri Mẹ́kà kí wọ́n tó bí i, ìwé rẹ̀ sì pé. Ọ̀dọ̀ opó arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Sitti Mabruka ni Kìfáyàtù ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá kan tó kún fún idà àti ọ̀bẹ ni ọkọ Sitti fi sílẹ̀ kú. Kìfáyàtù ló ń ya fọ́tò wọn, tó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tó sì ń bá Sitti béèrè ọ̀rọ̀ lórí ìkànnì.

Láti orí ìpáàrà ni wọ́n ti bọ́ sórí oúnjẹ, láti orí oúnjẹ dórí ìyá wọn. "Sà" di "Bùrọ̀dá Ìdírísì". Nígbà tó yá, bí Kìfáyàtù kò bá tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó di Àlàásárì, kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́.

Mẹ́kà sí Jídà kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ibi àyẹ̀wò ìwé wà lójú ọ̀nà. Ìdírísì kò lè lọ. Kìfáyàtù ló wá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, sí ilé àbúrò bàbá rẹ̀, Àlàájà Sàrátù, ní Ghulail ní Jídà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí Ìdírísì dìde lórí àga lọ yọjú lójú fèrèsé, Àlàájà gbé abọ́ ìrẹsì kalẹ̀ gbà-á. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ẹni tí kò jókòó, ibo ni oúnjẹ máa gbà wọ̀ ọ́ nínú?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo gbọ́ mọ́tò ni."

"Mọ́tò ẹlẹ́ran ni," Kìfáyàtù wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Àlàájà padà sí ilé ìdáná, Ìdírísì wo ilẹ̀. "Kìfáyàtù, mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn."

"Ó dùn bẹ́ẹ̀," ni ó dáhùn. "Wàláhì, ó dùn bẹ́ẹ̀, ọkàn mi."

Ìfẹ́ wọn kò tíì pé oṣù márùn-ún nígbà tí Mutaz gbé idà kan sórí ìkànnì láti wá oníbàárà fún un. Ó ní ó ti lé ní igba ọdún. Idà náà dógùn-ún lọ́nà tó wuyì, orúkọ ìdílé kan sì wà lára rẹ̀. Bí Sitti Mabruka ṣe rí fọ́tò rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Orúkọ ìdílé ọkọ òun ni. Ó ní bó bá gba ohunkóhun, òun á rà á. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, gbogbo wọn ní ojúlówó ni.

"Bùrọ̀dá, ẹ ti rí idà ọ̀gá yín?" Kìfáyàtù béèrè. "Sitti ò sùn. Ṣé kó rà á?"

Ìdírísì ní òun á wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wò ó. Á fi ẹsẹ̀ rìn láti Ṣarafíyà dé Karantínà, níbi tí òun àti ọkùnrin márùn-ún jọ ń gbé yàrá kan, á tún yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ní ọjọ́ kẹrin ó pè é.

"Má jẹ́ kí Sitti ra idà yẹn."

"Kí ló dé? Gbogbo èèyàn ló dìbò pé ojúlówó ni."

"Èmi ni mo sọ ọ́ di arúgbó."

"Mi ò gbọ́."

"Ọdún tó kọjá ni wọ́n rọ irin yẹn. Mo fi iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, mo rì í mọ́ iyanrìn tútù fún ogójì ọjọ́. Ìpáàrà tí ẹ rí yẹn, èmi ni mo gbìn ín. Mutaz ní bí mi ò bá ṣe é, òun mọ ibi tí òun máa pè kí wọ́n wá kó mi."

"Mélòó lo ti ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mẹ́rin."

"Ojoojúmọ́ la jọ ń sọ̀rọ̀ irin. Ojoojúmọ́, Ìdírísì! O ò sì sọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe orúkọ rẹ̀ lásán. Ó pa fóònù, kò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ó sọ òtítọ́ fún Sitti Mabruka. Ìyá arúgbó náà bínú, kì í ṣe sí Mutaz, sí òun Kìfáyàtù. "Kí ló dé tí o sọ fún mi? Ǹ bá gbé e kọ́ ògiri kí n sì kú pẹ̀lú ayọ̀." Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́? Ògiri ta ni wọ́n wà?"

Bàbá rẹ̀ náà gbọ́. Àlàájì Jùbrílù kò pariwo. Ó kan fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. "Kò ní ìwé, mo ń rò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi irin tuntun ṣe ti àtijọ́, kí ló máa fi ọmọ mi ṣe? Ó tó. Khàlás."

Kìfáyàtù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ohun tó dùn ún jù ni pé ó ṣì ń fetí sílẹ̀ de fóònù. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀rọ̀ Sitti ránṣẹ́ sí Ìdírísì bó ṣe rí, láìkí i: "Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?"

Ìdírísì kà á nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó nu ọwọ́. Lójú ẹsẹ̀ ló kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò idà náà, níṣojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́: "Ẹ fa fọ́tò yìí di ńlá, kí ẹ wo abẹ́ èèkù. Ẹ máa rí ìlà kan tó tọ́ gbọnrangandan. Ẹ̀rọ ló fà á, kò sì sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní igba ọdún sẹ́yìn. Èmi ni mo fi ìpáàrà sí i." Ó to fọ́tò mẹ́ta tó kù tẹ̀ lé e, kí àwọn tó rà wọ́n lè mọ̀. "Ẹ foríjì mí," ló fi parí rẹ̀.

Kò tó wákàtí kan tí ìbò fi yí padà. Àwọn kan ṣépè fún un. Àwọn kan ní olè ni. Bàbá ará Tọ́kì kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́ta náà wà lórí ògiri òun, pé ọkàn òun gbọgbẹ́, àmọ́ òun dúpẹ́, àti pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti tún ìkànnì yìí ṣe, òní ni òun kọ́kọ́ rí ìwúlò fọ́tò ńlá yẹn. Kí Àlàásárì tó kọjá, wọ́n ti yọ orúkọ Ìdírísì kúrò nínú ẹgbẹ́.

Mutaz dé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Kó ẹrù rẹ. Mi ò ní pe ọlọ́pàá, torí wọ́n máa bi mí léèrè idà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n rí ọ ní àdúgbò yìí mọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn yàrá ní Karantínà. Gbogbo ọkùnrin inú ilé dìde dúró. Àgbàlagbà kan tó wọ jalabíà funfun ló wọlé, ó ń mí hẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn.

"Ta ni Ìdírísì nínú yín?"

Ìdírísì dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, sà. Ẹ káàbọ̀, Àlàájì."

Àlàájì Jùbrílù jókòó sórí bẹ́dì tó sún mọ́ ọn. "Kìfáyàtù ka ohun tí o kọ fún mi. Ta ló fipá mú ọ?"

"Kò sí, sà."

"Àbí nítorí kí ọmọ mi lè gbà ọ́ padà ni?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n irin ni iṣẹ́ baba mi. Kí n tó mọ̀ ọ́n rárá ni ojú ti ń tì mí."

"Hùn-ún." Àlàájì wo ògiri. "Mi ò lè fi ọmọ fún ẹni tó ń sá kiri."

"Mi ò sá mọ́, sà. Ọjọ́ Àìkú ni mò ń lọ fi ara mi lé ìjọba lọ́wọ́, kí wọ́n dá mi padà sílé. Ó ti rẹ̀ mí."

"O mọ̀ pé o lè má wọ ìlú yìí mọ́?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kìfáyàtù mọ̀?"

"Kì í gbé fóònù mi, Bàbá."

Àlàájì yọ fóònù tirẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀. "Ọkùnrin rẹ wà níwájú mi. Ó ń lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú. Ṣé kó lọ ní àpọ́n ni, àbí kó lọ ní ọkọ ìyàwó?"

Kìfáyàtù ní, "Bàbá, mò ń bọ̀ ní Jídà."

"Ìdáhùn wo nìyẹn?"

"Òun náà ni ìdáhùn."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n so yìgì ní pálọ̀ Àlàájà Sàrátù. Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ ìdáná kan tí Ìdírísì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ló fi ṣe sàdáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó; irin rẹ̀ ń dán, ó sì fín ọdún tó rọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà. Kìfáyàtù yí i wò tẹ̀yìntojú.

"Mo ṣì ń bínú o," ló sọ sí i létí.

"Mo mọ̀."

"Fẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ilé rẹ ni màá ti máa bínú."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe lọ́kọláya ní yàrá ẹ̀yìn Àlàájà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Kìfáyàtù sìn ín dé ẹnu géètì ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń dá àjèjì padà sílé. Oòrùn ti ń mú. Ó ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó tún tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kọ́là náà kò wọ́.

Ṣọ́jà tó wà ní géètì wo ìwé ìrìnnà Ìdírísì, ó wo Kìfáyàtù. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ jẹ́ sí i?"

Kò tíì sọ ọ́ fún àjèjì kankan rí. "Ìyàwó rẹ̀ ni mí," ló wí ní èdè Lárúbáwá, ó sì tún un sọ ní Yorùbá kí Ìdírísì lè gbọ́. Ìdírísì wọlé. Kìfáyàtù dúró níbẹ̀ títí ṣọ́jà náà fi rọra ní kó lọ wá ibòji.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi dá a dúró kí wọ́n tó fi í sínú ọkọ̀ òfúrufú. Oṣù mẹ́rin ni Kìfáyàtù fi parí iṣẹ́ yàrá Sitti Mabruka, òun náà sì di ẹrù rẹ̀. Àlàájì Jùbrílù gbé e dé pápákọ̀ òfúrufú Jídà. Ó ṣàdúrà fún un, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọ má baà rí omijé rẹ̀.

Kò dé Nàìjíríà rí. Nígbà tó jáde síta ní pápákọ̀ Èkó, ariwo bò ó, gbogbo èèyàn ń sọ èdè inú ilé wọn ní gbangba. Ìdírísì ti rù, ó ti dúdú sí i. Ó na ọwọ́ gba àpò rẹ̀.

Kìfáyàtù ló sọ̀rọ̀. "Ibo ni ilé wa wà?"

"Ó jìnnà díẹ̀, àyànfẹ́ mi."

"Jẹ́ ká máa lọ."