Ọkùnrin Tí Ó So Ara Rẹ̀ Mọ́ Ẹṣin

Òógùn ń kán láti iwájú orí Olúgbénró sórí ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Orí ẹṣin ni ó wà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gàárì, ó ń fi okùn so ọrùn ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀ mọ́ irin tí ẹlẹ́ṣin máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ó ti so ti ọ̀tún tán. Irú okùn tín-ínrín tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò fúláwà ni. Fúláwà ni ó ń tà, ó sì mọ okùn náà dáadáa: bí a bá ti ta á ní kókó, èékánná kò lè tú u mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ó," ni Nùréènì wí. Òun ni ó ta ẹṣin náà fún un, òun náà ni ó di ìjánu rẹ̀ mú. "Ẹni tó bá fẹ́ gun ẹṣin gbọ́dọ̀ lè bọ́ sílẹ̀."

"Mi ò fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ìdí tí mo ṣe ń so ó nìyẹn."

"Ẹṣin yìí ò tíì gbé èèyàn rí. Àpò iyanrìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì lé e lẹ́yìn, ó sì ń dà á nù."

"Ṣé àpò iyanrìn ló ń jẹ́ Olúgbénró?"

"Rárá o," ni Nùréènì dáhùn. "Àpò iyanrìn kì í ṣe agídí."

Àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni, ní ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù Olúgbénró, nítòsí ọjà Agége. Àwọn ológun ni ó ń ṣèjọba, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé wọn, sì ti sọ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹun yó di atọrọjẹ. Wọ́n ti fòfin de àlìkámà òkè òkun. Ilé búrẹ́dì ń ti ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Àmọ́ àsìkò náà tu Olúgbénró lára, nítorí ó ti kó fúláwà pamọ́ kí òfin náà tó dé. Ó ń tú ẹnu àpò, ó ń po láfún mọ́ ọn, ó sì ń rán an padà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́. Ó fi lára èrè náà kan páànù sórí ilé ìjọsìn àwọn aláṣọ funfun tí ó ń lọ. Wọ́n fi í jẹ Baba Ìjọ.

Lọ́dọọdún, ìjọ náà máa ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn káàkiri Agége ní ọjọ́ yìí, pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́. Baba Ìjọ tuntun ní òun kò ní rìn. Àwọn àgbà ní kí ó kúkú wá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, bí Olúwa ti ṣe. Ó ní ẹrù ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń rù, wọn kò gbọdọ̀ bá èèyàn bí òun lórí rẹ̀. Ó lọ bá Nùréènì ní ẹ̀bá ọjà màlúù. Nùréènì mú àgbà ẹṣin kan jáde, èyí tí ariwo ọjà àti fèrè mọ́tò kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Olúgbénró kọ̀ ọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó rántí nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ń kà lọ́jọ́ náà, pé ẹran tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí ni Olúwa gùn. Òun náà sì fẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí.

Ẹ wo bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń ka Ìwé Mímọ́. Olúwa gun ẹran kékeré láti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Olúgbénró gun ẹṣin kí wọ́n lè máa gbójú sókè wò ó.

Okùn ńkọ́? Nígbà tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú ẹṣin náà nínú ọgbà, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀. Adébísọ́lá ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó rí i, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín tí obìnrin náà gbé mì dun Olúgbénró ju ìbàdí tí ó fi lulẹ̀ lọ. Ó pinnu pé ojú kankan kò ní rí òun nílẹ̀ mọ́.

Ó ta kókó tó kẹ́yìn, ó sì na aṣọ súùtánà rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi bo ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó jọ nǹkan. Ó dà bí ọba.

Job, ọmọ ìjọ kan náà, dúró ní ẹnu géètì nínú súùtánà tirẹ̀, ó ń wò ó. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni wọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti jọ wá. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí Job ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ti kógbá sílé, bàtà ni ó ń tún ṣe báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Láti ìgbà tí ó ti rí Krístì ni kò ti fi Olúgbénró lọ́rùn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ láfún yẹn, títí Olúgbénró fi lé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù lójú àwọn oníbàárà.

"Gbénró, bọ́ sílẹ̀," ni Job wí. "Jẹ́ ká jọ fẹsẹ̀ rìn."

"Ìwọ tó ń lẹ bàtà oníbàtà, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìrìn?"

"Bàtà náà kúkú ń gbé wọn délé."

"Yàgò lọ́nà, Job."

Job yàgò. Nùréènì sọ ìkìlọ̀ tó kẹ́yìn bí ó ti ń fa ẹṣin náà jáde. "Tí ẹ̀rù bá bà á, ẹ má nà án o. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ fi aṣọ bò ó lójú, kí ẹ máa fà á lọ jẹ́jẹ́. Tí kò bá ríran, á tẹ̀lé ọwọ́ tó dì í mú."

Olúgbénró tún aṣọ rẹ̀ nà. Ó ti ń wo iwájú.

Ẹṣin náà kọ́kọ́ rìn dáadáa. Àwọn èèyàn yọjú láti ojú fèrèsé. Inú Olúgbénró dùn. Ìgbà tí wọ́n yọ sí títì ni agogo ìjọ dún, imọ̀ ọ̀pẹ dìde lápá gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìjọ sì hó "Hòsánà". Ọmọ ẹṣin tí kò rí irú rẹ̀ rí rò pé igbó ń wó lu òun. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró. Okùn ìjánu bó Nùréènì lọ́wọ́, ó sì já gbà. Ẹṣin ti lọ.

Ó là àárín àwọn obìnrin akọrin kọjá. Ó fo gọ́tà. Ó gbá tábìlì ẹlẹ́ran dànù. Olúgbénró ń fa ìjánu, bí ó ti ń fà á ni eré ń pọ̀ sí i. Ẹlòmíràn ì bá ti já bọ́ sórí iyanrìn, kí ó gbọn aṣọ rẹ̀, kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Òun kò lè já bọ́. Okùn náà ń gé e lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń rin aṣọ funfun.

Ojú irin ni ẹṣin náà sáré dé. Nígbà tí òkúta wẹ́wẹ́ yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ láàárín irin méjì, ó dúró gbọnyin. Ó ń gbọ̀n, ó ń mí helehele, kò sì ṣí ẹsẹ̀ mọ́.

Nígbà náà ni fèrè ọkọ̀ ojú irin dún láti ọ̀nà Ìjú.

Olúgbénró nà án. Ó fi ìpá gbá a nínú. Ẹṣin náà kò mira. Ó bẹ̀rẹ̀ láti tú okùn, ìka rẹ̀ ń yọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kókó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta kò gbọ́ ti èékánná. Ó pe gbogbo orúkọ áńgẹ́lì tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ka Sáàmù tí ó mọ̀, ó gbàgbé ibi tí ó dé. Ilẹ̀ ń mì títí. Lọ́kàn rẹ̀, ó rí i gbangba pé bí ọkọ̀ yìí bá kọlu òun, iwájú Ọlọ́run ni òun ń lọ tààrà, kò sì sí ohun kan lọ́wọ́ òun tí òun lè gbé síwájú rẹ̀ bí kò ṣe páànù tí òun fi owó láfún rà.

"Ẹ gbà mí," ni ó kígbe. Ó pẹ́ tí ó ti bẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

Àwọn èrò kún etí ojú irin. Kò sí ẹni tí ó gun orí òkúta náà, nítorí wọ́n ti ń rí iwájú ọkọ̀ náà.

Job nìkan ni ó wá. Ẹsẹ̀ lásán ni ó fi ń sáré lórí òkúta. "Bọ́ sílẹ̀, Gbénró."

"Mi ò lè bọ́ sílẹ̀. Mo so ẹsẹ̀ mi."

"O so kí ni?"

"Mo so ó, Job. Aṣọ ni, Nùréènì ní ká fi aṣọ bò ó lójú. Má fi mí sílẹ̀."

"Mi ò lọ síbì kankan," ni Job wí. Ó bọ́ súùtánà ọrùn rẹ̀, ó ku ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fi wé orí ẹṣin náà, ojú àti etí. Kò pariwo. Kò fà á tipátipá. Ó gbé ẹnu mọ́ etí rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ, fèrè ọkọ̀ sì ń ké lé wọn lórí. Ẹṣin náà gbé ẹsẹ̀ kan. Ó tún gbé òmíràn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí irin ni ọkọ̀ náà kọjá. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ta Job mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹṣin.

Ọkọ̀ kọjá tán. Lẹ́yìn náà ni ìjọ dé, tí ẹnì kan gbé aṣọ Olúgbénró sókè, tí wọ́n sì rí okùn. Ariwo sọ. Wọ́n ní ayé ti so Baba Ìjọ. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá tó ń bá a du ipò ni. Àwọn kan ti kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́gun ọ̀tá.

Sàídátù oníbúrẹ́dì tó ń tajà létí ojú irin já gba àárín wọn, ọ̀bẹ tí ó fi ń la búrẹ́dì fún oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó gé okùn náà. "Bàbá onífúláwà," ni ó wí, "ta ló so yín báyìí?"

Olúgbénró wo àwọn tó ń gbàdúrà. Ó mọ̀ pé ọ̀nà wà fún òun. Bí òun bá mi orí lásán, òun á di ẹni tí ọ̀tá fẹ́ pa tí Ọlọ́run gbà là, wọ́n á sì ṣe ìdúpẹ́ ńlá fún un. Ó ti sọ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó tó bá wọlé, ọgbọ́n òun ni. Èyí tó bá nù, ọwọ́ ayé ni.

"Kì í ṣe ọ̀tá," ni ó wí. "Ẹ dìde nílẹ̀. Èmi ni mo so ara mi."

Àwọn tó kúnlẹ̀ dìde. Ojú sì tì wọ́n.

"Sàídátù, èmi náà ni mò ń po láfún mọ́ fúláwà yín."

"Mo mọ̀," ni Sàídátù wí, ó ń nu ọ̀bẹ rẹ̀. "Ṣebí èmi ni mò ń ta búrẹ́dì tó ń fọ́ sí oníbàárà lọ́wọ́. Ẹnu yín ni mò ń dúró de."

Job gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó tì í nínú koríko.

"Job, mo lé ẹ jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kí lo wá ṣe lórí irin yẹn?"

"Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ, ìrànlọ́wọ́ wo lo ṣe fún mi?"

Olúgbénró wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí okùn gé. "Kò sí. Ẹrù ni mo jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni Krístì ṣe bá wa. Kò dúró kí a tú ara wa sílẹ̀ ká tó pàdé òun lọ́nà. Ó wá síbi tí ikú wà. Àmọ́ èmi bọ́ nínú tèmi, Gbénró. Òun kò bọ́. Ó kú síbẹ̀ nítorí ẹ, ó sì jíǹde. O kan páànù fún un, o ò fi ara ẹ fún un rí."

Olúgbénró kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí okùn ti gé, lójú gbogbo Agége. Kò gba àdúrà gígùn. Ó pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní orúkọ wọn, ìgbéraga, irọ́, olè, ó sì bẹ Jésù kí ó gbà á. Nígbà tí ó dìde, kò wá ojú ẹni tó ń wò ó mọ́.

Lẹ́yìn náà ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun fa ẹṣin náà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìjánu mú, ó ń tiro, ó sì gba àárín ọjà. Àwọn ọmọ ìta kò dá a sí. Ẹnì kan ní, "Baba Ìjọ, ẹṣin ló yẹ kó gùn yín padà." Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ní ìsọ̀ Nùréènì, ó so ẹṣin náà mọ́ èèkàn, ó bomi fún un, ó sì ní kí Nùréènì kọ́ ọ dáadáa kí ó tó tà á fún ẹlòmíràn. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé, láti lọ ṣí ilé ìkẹ́rù rẹ̀ fún àwọn oníbúrẹ́dì tí ó ti rẹ́ jẹ, kí ó lè san án padà fún wọn.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí o má gun ẹṣin rí. Àmọ́ o mọ ohun tó ń gbé ọ lọ tí ìwọ kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Bóyá ọtí ni. Bóyá obìnrin ni, tàbí òṣùwọ̀n èké, tàbí oògùn tí o sin sábẹ́ ẹnu ọ̀nà. O ti pe ayé lẹ́jọ́. O ti gbààwẹ̀ lé ọ̀tá lórí. Ta ló so ọ́ gan-an? Dá Ọlọ́run lóhùn ní òtítọ́, nítorí kò sí ẹni tó ń rí ìgbàlà lórí irọ́.

Jésù kò béèrè agbára tí o kò ní. Ké pè é bí ẹni tí ikú ń bọ̀ wá bá, nítorí ó ń bọ̀ lóòótọ́, o kò sì mọ ìgbà tí yóò dé. Má ṣe ká ìwé yìí sápò pé o máa tún un kà. Ìkìlọ̀ tí a gbọ́ tí a kò lò, òfò ni, o sì ti fi ọdún ṣòfò tó. Pè é nísinsìnyí, kí o tó dìde níbi tí o jókòó sí.