Ta Ló Kó Ẹyẹ Delphine Lọ?

Ìjà ni Delphine bá dé ilé Orrin, kì í ṣe ìfẹ́. Òwúrọ̀ oṣù January ni, ní Maine, yìnyín mù ún dé orúnkún, síbẹ̀ ó kan ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dá àwọn ẹyẹ mi padà."

Orrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú. "Mi ò jí ẹyẹ rí, mà."

"Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, àwọn ni mò ń wò jẹun àárọ̀. Hóró sọnfáwà tó dára jù ni mò ń rà fún wọn. Ẹ dé tán, gbogbo wọn bá kó lọ bá yín."

Orrin rọra mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Àwọn igi Kérésìmesì tí aládùúgbò ti jù nù ló tò jọ síbẹ̀, tí ẹyẹ ń wọlé, tí ẹyẹ ń jáde.

"Àṣá ni wọ́n ń sá fún. Àgbàlá tiyín mọ́ jù, mà. Wọn ò rí ibi sá pamọ́ sí."

Delphine fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó wọlé, ó mu kọfí. Lọ́jọ́ kejì ó tún padà lọ, ó gbé páì ápù dání. Kí oṣù kejì tó parí, ìfẹ́ ọkùnrin náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn pátápátá. Orrin ní, "Àyànfẹ́ mi, jẹ́ ká fẹ́ra." Inú Delphine dùn, àmọ́ ó ní òun ní láti kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu Renée, ọmọ òun kan ṣoṣo tí àwọn jọ ń gbé.

Renée fárígá. "Mọ́mì, bàbá tó ń ṣa pàǹtí kiri yẹn? Ṣé kí gbogbo ìlú máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ṣebí torí ẹyẹ lẹ ṣe ń lọ síbẹ̀. Ẹ ní kó kó igi ẹ̀ wá síbí, kọ́rọ̀ tán."

Delphine jíṣẹ́ náà tẹkúntẹkún. Orrin ò jiyàn. Ó wọ́ àwọn igi náà sọdá sí àgbàlá Delphine, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Nígbà tó yá, ẹyẹ kún ilé Delphine fọ́fọ́. Renée ń pàtẹ́wọ́, àmọ́ ojú ìyá rẹ̀ ò sí lára ẹyẹ. Orrin ló ń wò, tó dá dúró lójú fèrèsé ilé tiẹ̀, tó ń wo àgbàlá rẹ̀ tó ṣófo. Àánú rẹ̀ ṣe é, ó ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Renée, ọkùnrin tó kó gbogbo ẹyẹ ẹ̀ fún mi, kí ló kù tó máa fi dù mí?"

Renée náà wo Orrin lójú fèrèsé yẹn. Ó wọ bàtà, ó gba inú yìnyín lọ bá Orrin.

"Dádì," ló ní, "ẹ wọ kóòtù kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ìyàwó yín kọ̀, kò jẹun."