Nítorí Alárinà, Jhunu Kò Gba Ìwé Ẹ̀rí

Gbogbo wa la mọ bí ilé ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí àwọn àna bá ń bọ̀ wá wo ọmọ. Wọ́n á gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á yá ife tíì lọ́wọ́ aládùúgbò, ìyá ọmọ á sì máa jágbe mọ́ gbogbo ayé. Nílé Dibakar Meher, ahunṣọ tí ògiri ilé wa jọ pààlà, nǹkan kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á gbé Jhunu lọ sí yàrá òfì lẹ́yìnkùlé, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Jhunu ni àkọ́bí. Ọmọ ogún ọdún ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e láti kékeré. Lipi àbúrò rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún, ni wọ́n ń wá ọkọ fún. Dibakar sì ti sọ fún Kailash alárinà pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún òun.

“Ẹ̀gbọ́n Niru,” Jhunu máa ń sọ fún mi láti ojú fèrèsé, “mo tún ti di ọmọ àlejò lónìí o. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ti jẹun tán, ẹ rán mi létí pé mo lórúkọ.”

A á rẹ́rìn-ín. Èmi ni òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò wa, ẹ̀rín yẹn kò sì yẹ mí.

Ìdánwò kíláàsì kẹwàá Jhunu ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, nítorí kò sí ẹni tó ń gbé e lọ, àmọ́ orí rẹ̀ pé. Òun ló ń di òwú fún bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, kò sì sí ẹni tó lè ka iye ìdì inú òwú bíi tirẹ̀ ní gbogbo òpópónà wa. Ilé ìwé mìíràn ni wọ́n ti máa ṣe ìdánwò náà, ilé alájà mẹ́ta. Mo lọ bá Dibakar.

“Bàbá Jhunu, ẹ jẹ́ ká lọ gba ìwé ẹ̀rí akàndá fún ọmọ yìí ní ọsibítù àgbègbè. Tí a bá ní in lọ́wọ́, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa fi í sí.”

“Ẹ fẹ́ kí n lọ kọ orúkọ ọmọ mi sínú ìwé ìjọba pé arọ ni? Ta ló máa wá fẹ́ Lipi?”

“Báwo ló ṣe máa gun àtẹ̀gùn?”

“Ṣé wọ́n ní ẹ̀yìn mi ti kán ni? Èmi tí mo ń gbé e láti ọjọ́ yìí ni màá gbé e. Ìdílé wa kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ìjọba.”

Jhunu kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Ìrẹsì olómi tí ìyá rẹ̀ bù sílẹ̀ fún un kan síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bàbá rẹ̀ gbà. Mo fi fóònù mi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní ká wá ní Ọjọ́bọ̀ tí àwọn dókítà máa jókòó.

A lọ. Dibakar gbé ọmọ rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, inú Jhunu ń dùn. Àfi bí Kailash alárinà ṣe yọ láti yàrá dókítà ojú, ó di ìyá tirẹ̀ lọ́wọ́ mú.

“Háà, Dibakar! Ṣé kò sí o? Ta lẹ gbé wá?”

Dibakar fa etí aṣọ Jhunu bò ó lójú. “Ọmọ àbúrò mi ni, láti abúlé. Inú ló ń run ún.”

Ibi tí wọ́n ti ń kíra wọn lọ́wọ́ ni nọ́ọ̀sì ti yọrí láti ẹnu ọ̀nà: “Jhunu Meher!”

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

“Jhunu Meher, ọmọ Dibakar!”

Mo rí ọwọ́ Dibakar tó tẹ èjìká ọmọ náà mọ́lẹ̀. Jhunu wò mí. Ó kàn ń wò mí ni, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní ẹnu, mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ ìdílé ni, mi ò fẹ́ bá aládùúgbò jà. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì ti fáìlì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn dókítà kò sì tún ní jókòó mọ́ kí ìdánwò tó dé.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà, Dibakar ra gúgúrú ìrẹsì fún un. Jhunu dà á sílẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Dibakar pọn ọmọ rẹ̀ dé ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ síwájú rẹ̀.

“Ẹni tí kì í ṣe ìdánwò kò gbọdọ̀ wọlé.”

“Ọmọ mi kò lè rìn!”

Ọ̀gá tó ń bójú tó ìdánwò náà jáde. “Yàrá rẹ̀ wà lájà kẹta. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀ dà? Tí ẹ bá ti mú un wá fún wa ṣáájú, ìsàlẹ̀ ni à bá fi í sí. Kí lẹ ń ṣe látọjọ́ yìí?”

Jhunu ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn mọ́kàndínláàádọ́ta. Àwọn ọmọdé ìdí fèrèsé ń wò ó. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn géètì, ó di irin mú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí Jhunu fi máa dé òkè, ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì wákàtí. Wọ́n ní òfin ni òfin, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, kò lọ mọ́.

Lokanath ló wá bá wa sọ ojú abẹ níkòó. Ó ń ta páàn, ewé tí wọ́n máa ń jẹ lẹ́nu, níwájú ọ́fíìsì ìjọba, ọwọ́ ló sì fi ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Ó mọ òfin ju akọ̀wé lọ, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń pè é ní Lọ́yà Eléwé. Dibakar gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn.

“Lọ́yà ti dé,” Lokanath fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. “Dibakar, ọdún 2016 ni ìjọba ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ àwa akàndá. Ọmọ yìí kò tọrọ nǹkan kan. Tirẹ̀ ni. Yàrá ìsàlẹ̀, tirẹ̀ ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè kọ̀wé, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní akọ̀wé àti àfikún àkókò. Ilé ìwé yẹn gan-an jẹ̀bi: ó yẹ kí wọ́n ti ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ lè gùn, yálà ìwé ẹ̀rí wà o, kò sí o. A máa kọ̀wé sí Kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akàndá ní ìpínlẹ̀ wa. Lọ́la la máa kọ ọ́.”

“Kailash ńkọ́?” Dibakar béèrè, ó dorí kodò.

Lokanath rẹ́rìn-ín tí kò dùn. “Kailash tó ń ra páàn lọ́wọ́ mi? Ó ti sọ fún àwọn àna yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọn ò bínú sí i rárá. Wọ́n kàn ń wò ó pé ìgbà wo lẹ máa sọ òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ṣe ní ọsibítù, wọ́n ní ẹni tó lè sẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, àwọn ò ní bá a ṣe àna.”

Ìyá Lipi bú sẹ́kún. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àmọ́ tọjọ́ náà pọ̀ jù.

Dibakar kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀. “Jhunu, lọ́dún tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá gbé ẹ lọ. Dárí jì mí.”

“Ẹ ti ń gbé mi látọjọ́ yìí, Bàbá,” Jhunu sọ, kò gbójú sókè nínú òwú tó ń dì. “Gbogbo ibi tẹ́ ẹ gbé mi dé, nítorí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi ni. Ẹ̀gbọ́n Lokanath, níbo ni wọ́n ti ń ta irú kẹ̀kẹ́ yín yẹn?”

“Wọn kì í tà á fún irú wa. Tí ìwé ẹ̀rí bá ti jáde, a máa béèrè fún un lọ́fẹ̀ẹ́.”

Jhunu ti gba ìwé ẹ̀rí náà báyìí. Ọdún tó lọ kò padà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ tẹnu mi, èmi tí mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí mo pa ẹnu mọ́. Bí ẹ bá ní akàndá ọmọ nílé, ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí àti káàdì akàndá rẹ̀ kí ìdánwò tó dé, ẹ má ṣe dúró de oṣù tó kẹ́yìn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó láti bá yín ṣe é. Ẹ sọ fún ilé ìwé lórí ìwé ohun tí ọmọ nílò, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà kan dání. Nínú ọgọ́rùn-ún àyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, ó kéré tán, márùn-ún jẹ́ ti àwọn akàndá. Bí wọ́n bá fi dù yín, ẹ kọ̀wé sí Kọmíṣọ́nnà. Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ ìdílé.

Òfin wà fún ọmọ yín, àmọ́ òfin kò lè rí ọmọ tí òbí rẹ̀ bá gbé pamọ́.