Ibi Tí Yìnyín Kì í Dúró

Láàárín yìnyín, ọkùnrin dúdú kan dúró láìwọ bàtà, ó ń kọrin ìyìn ní Yorùbá. Ṣìkẹ́mi, tó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan, Signora Pia, ní abúlé orí òkè kan lẹ́yìn Padova ní Ítálì, yára ṣí fèrèsé.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé orí yín pé báyìí?"

"Ilẹ̀ ló gbóná! Ẹ wá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó sọ mí di wèrè."

Dùnsìn lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ kékeré tó ń fi omi gbígbóná inú ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná fún abúlé náà, torí bí yìnyín bá ti wúwo ni wáyà ìjọba ń já. Páìpù omi náà gba abẹ́ ibi tó dúró sí kọjá. Ṣìkẹ́mi bọ́ bàtà, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má bi mí bóyá ìfẹ́ máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Ti Ṣìkẹ́mi gba ibẹ̀.

Nígbà tí òtútù ọdún kejì fi dé, wọn ò fẹ́ pínyà mọ́. Àmọ́ Hezekiah, bàbá Ṣìkẹ́mi, tó ń ṣiṣẹ́ irin ní Brescia, fajú ro.

"Ẹni tó ń lé omi gbígbóná kiri inú igbó, tí kò ní contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́ gidi? Ó dáa, kó wá fojú hàn wá ní Sátidé. Bí kò bá wá, ọ̀rọ̀ parí."

Ní Sátidé, Ṣìkẹ́mi lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Brescia; wọ́n tẹ́ tábìlì, wọ́n wọ̀nà títí ìrẹsì fi tutù. Fóònù Dùnsìn kò lọ.

"Ṣé ẹ rí i?" ni bàbá wí. Ṣìkẹ́mi wọ yàrá lọ sunkún.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì ni Signora Pia pè. "Amore, ọmọ mi, wáyà já láti àná, nẹ́tíwọ̀kì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Dùnsìn kò kúrò nídìí ẹ̀rọ. Òun ni kò jẹ́ kí òtútù pa mí."

Hezekiah mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ fojú ara wa rí i."

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n débẹ̀. Gbogbo abúlé ìsàlẹ̀ ló ṣókùnkùn. Ti orí òkè nìkan ló ń tàn. Bí Dùnsìn ti rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ forí jì mí, sà. Bí mo bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀, iná á lọ."

Hezekiah ń wo àwọn fèrèsé títàn náà. "Ní abúlé tèmi, a retí iná títí mo fi kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó torí tiwa pa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tì rí." Ó nawọ́ sí Dùnsìn. "Dìde, ọkọ ọmọ mi."

Ọkàn Ṣìkẹ́mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Àmọ́ Dùnsìn kò dìde.

"Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, sà. Ilẹ̀ ibí gbóná."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ṣìkẹ́mi bọ́ bàtà, ó lọ dúró tì í.