Pupa Wo Nìyẹn, Ishaq?

Inú ń bí Karimat. Láti àárọ̀ ni inú ti ń bí i.

Lọ́la ni yóò ka Kùránì níwájú gbogbo ará àdúgbò Bẹyẹrúnkà. Hijáàbù funfun ni yóò wọ̀.

Ṣùgbọ́n wò ó! Ta ló fi ìka yẹ́lò mẹ́ta sára hijáàbù?

"Ishaq!"

Ishaq ni àbúrò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ìka rẹ̀ yẹ́lò.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú," ni Ishaq wí. "Ata ilẹ̀ pupa Ìyá Àgbà ni mo fọwọ́ kàn."

Pupa là ń pè é, àmọ́ ata ilẹ̀ yìí ò pupa. Ó yẹ́lò ni. Àwa àgbà náà la sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" ni Karimat wí.

Ó pọn omi. Ó mú ọṣẹ dúdú. Ó fọ hijáàbù. Fọ̀ṣọ̀, fọ̀ṣọ̀, fọ̀ṣọ̀!

Háà! Àbàwọ́n yẹ́lò ti di pupa. Pupa fòò!

"Ishaq! O tún ti da nǹkan pupa sí i!"

"Èmi kọ́."

"Ìwọ ni! Ṣebí ìwọ lo fẹnu ara ẹ sọ pé pupa ni!"

"Èmi kọ́! Èmi kọ́! Èmi kọ́!"

"O ò ní tẹ̀lé wa lọ́la. Mi ò fẹ́ rí ẹ níbẹ̀!"

Ishaq bú sẹ́kún. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Gbì! Gbì! Gbì!

Inú bí òun náà. Ta ni wọ́n máa purọ́ mọ́ tínú ò ní bí? Inú bí èmi gan-an tí mò ń sọ ọ́.

Ìyá Àgbà jáde. Òun ló ń se ọṣẹ dúdú nílé wọn.

"Ṣé ẹ fẹ́ wó ilé lé mi lórí ni? Ishaq, lọ fọ ọwọ́ ẹ, kó o wá nu ojú."

Ishaq fi ọṣẹ fọwọ́. Fọ̀ṣọ̀, fọ̀ṣọ̀.

Ìka yẹ́lò di pupa. Pupa fòò!

Karimat wo ìka Ishaq. Ó wo hijáàbù. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ìyá Àgbà! Ọṣẹ yín ni!"

"Ọṣẹ mi ni lóòótọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Omi eérú ni mo fi sè é. Omi eérú máa ń sọ ata ilẹ̀ pupa di pupa gidi. Ohun tó bá kan ló ń dá a padà. Mú ọsàn wẹ́wẹ́ wá."

Karimat fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí hijáàbù. Tó, tó, tó.

Pupa sá lọ. Yẹ́lò padà dé!

Ásíìdì ni tíṣà Karimat nílé ìwé ń pe ohun kíkan inú ọsàn wẹ́wẹ́. Béèsì ló ń pe irú omi eérú.

"Tí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á jà títí agbára wọn á fi tán," ni Ìyá Àgbà wí. "Irú iyọ̀ kan ló máa kù nínú omi."

"Ṣé ká fi sebẹ̀?" ni Ishaq béèrè.

"Ó tì o!"

Wọ́n ṣan hijáàbù dáadáa. Wọ́n sá a sóòrùn, kí oòrùn lè pa yẹ́lò rẹ́. Oòrùn mú un, mú un, mú un. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun Àsárì, ó ti funfun báláú.

Karimat lọ bá Ishaq lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Mo purọ́ mọ́ ẹ. Má bínú."

"Mo ń bínú."

"Títí di ìgbà wo?"

Ishaq ronú. "Títí mo máa fi jókòó níwájú lọ́la."

"Níwájú pátápátá," ni Karimat wí.

Ilẹ̀ mọ́. Karimat ka Kùránì, ohùn rẹ̀ ròkè. Nígbà tó parí, Ishaq dìde níwájú gbogbo ènìyàn.

"Àǹtí mi nìyẹn!" ló pariwo. "Yẹ́lò nìkan ni tèmi o! Ọṣẹ ló ṣe pupa!"

Gbogbo ènìyàn wo Karimat.

"Òótọ́ ló sọ," ni Karimat wí. "Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn."

Ishaq sì jókòó. Inú rẹ̀ ti rọ̀.