Àmì Ilé Wa Lórí Máàpù

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fura, eruku funfun ló bo bàtà màámi. Pupa ni erùpẹ̀ àdúgbò wa.

"Màámi, níbo lẹ lọ?"

"Mi ò kúrò nílé. Àbí o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Mo mọ ibi tí òkúta funfun wà nílùú wa: orí òkè nìkan ni.

Máàpù la ń ṣe níbi iṣẹ́ wa. Inú fáìlì kan la ń kọ ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan dúró sí, àti orúkọ onílé. Ẹni tí a bá fi ránṣẹ́ sí, bó bá ti ṣí i, àwọn ilé náà á yọ bí àmì lórí máàpù tirẹ̀. Ọ̀gá ní ká fi ilé tiwa náà sí i. Ẹ̀yìn ààtàn nilé wa wà, páànù rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ojú tì mí. Mo gbé àmì wa kúrò níbẹ̀, mo gbé e lé ilé funfun kan lórí òkè. Wọ́n fi fáìlì náà ránṣẹ́ káàkiri ìlú.

Àtìgbà náà ni màámi ti ń gun òkè. Nílé, á máa fọwọ́ tọ́ ògiri, á ní, "Àtẹ̀gùn dà?" Ilé wa ò ní àtẹ̀gùn rí. Mo dá àmì náà padà lórí kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n tọwọ́ àwọn ẹlòmíì ò yí padà. Bí mo bá ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, àfi kí n sọ ohun tí mo ṣe. Ìtìjú ò jẹ́ n lè sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ọ̀gá lọ wọn títì lórí òkè. Màámi ló dúró lẹ́nu géètì ilé funfun, tí ọlọ́dẹ ń lé.

"Màmá, ẹ máa lọ sílé yín! Kí ló dé, lójoojúmọ́!"

Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ tàn. "Ọkọ mi! Bá mi sọ fún un pé ibí nilé wa."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ṣé o mọ̀ wọ́n ni?"

Ẹsẹ̀ bàtà màámi kan ti já, okùn ló fi so ó. Òun ni mò ń wò. Ohùn mi ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Rárá, sà. Mi ò mọ̀ wọ́n rí."

Ọlọ́dẹ tẹjú mọ́ màámi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, ó tẹríba, ó sì ṣí géètì gbayawu.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tètè dá yín mọ̀ ni."

Bí màámi ṣe ń wọlé lọ, mo sáré tẹ̀ lé e. "Màámi!"

Ó bojú wẹ̀yìn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí a ń rín sí àlejò.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ó ní. "Mo ṣèèṣì rò pé ọmọ mi ni yín."